Rọ́kẹ́ẹ̀tì Aláwọ̀ Ọkọ̀ Tòmátò

Ọmọ ọdún méjìdínlọ́gọ́ta ni mí lọ́jọ́ tí wọ́n bá mi wí nítorí gọ́ọ̀mù, níwájú àwọn èèyàn tí mo ti tẹ́ táìsì sílé wọn rí. Mi ò jí gọ́ọ̀mù, mi ò sì dà á sẹ́nikẹ́ni lára. Mo kàn fi lẹ nǹkan pọ̀ ni, torí mo fẹ́ kí nǹkan náà dúró. Títí di òní, tí mo bá rántí bí gbogbo wọn ṣe yíjú sí mi lọ́jọ́ yẹn, ara mi ṣì máa ń gbóná. Àmọ́ mi ò ní parọ́ fún yín: àwọn ni wọ́n jàre.

Bíríkìlà ni mí. Ìhà Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti wá sí Èkó, Kẹ́tu ni mo sì ń gbé láti ọjọ́ tí mo ti dé. Mo ti kọ́lé ní Ìkòsì, mo ti kọ́lé ní Ifákọ̀, mo ti kọ́lé ní Anthony, débi pé tí mo bá jókòó síwájú mọ́tò, mo lè máa tọ́ka sí ilé mi lọ lọ́tùn-ún lósì. Ilé mi ni mò ń pè wọ́n. Àwọn tó ni wọ́n ò mọ̀. Ọjọ́ tí wọ́n bá ti kun ilé tán, tí wọ́n ti géètì, ó parí nìyẹn. Ilé kan wà ní Ifákọ̀ tí mo da àtẹ̀gùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, torí pé ọ̀gá tó ni ín ò mọ ibi tó fẹ́ kó kọjú sí. Nígbà tí ọdún tuntun dé, mo ní kí n yà kí wọn. Máígàádì ní kí n dúró síta. Mo dúró nínú oòrùn títí ẹsẹ̀ fi ń ro mí, ẹnikẹ́ni ò jáde, mo bá lọ sílé. Mi ò padà débẹ̀ mọ́.

Ohun tó máa ń ká mi lára jù ni ti orúkọ. Tí iṣẹ́ bá ń lọ lọ́wọ́, wọ́n á gbé pátákó ńlá síwájú ilé, wọ́n á kọ orúkọ ẹni tó ya àwòrán ilé sí i, wọ́n á kọ ti agbaṣẹ́ṣe, nígbà míì wọ́n á kọ ti ẹni tó ta irin. Wọn kì í kọ ti bíríkìlà. Ọ̀gá Bíríkìlà ni mò ń jẹ́ níbi iṣẹ́, Dádì ni mò ń jẹ́ nílé. Ìgbà tí ẹnikẹ́ni pe orúkọ mi ní kíkún gbẹ̀yìn, tí gbogbo èèyàn sì gbọ́, ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni mo wà, ní kíláàsì karùn-ún. Tíṣà á ṣí rẹ́jísítà, á pe orúkọ bàbá mi, á pe tèmi tẹ̀ lé e, èmi á sì dáhùn pé, "Présẹ́ńtì, sà." Ọdún yẹn ni bàbá mi já bọ́ lórí igi, tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣẹ́, mo sì tẹ̀ lé àbúrò rẹ̀ lọ sẹ́nu iṣẹ́ búlọ́ọ̀kù. Rẹ́jísítà ò pè mí mọ́. Ẹ má bínú, mi ò ní kọ orúkọ náà síhìn-ín. Ó ti wà níbi tí mo fẹ́ kó wà.

Ilé Lọ́yà kan ní Anthony ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó tó ogójì ọdún ni, táìsì báluwẹ̀ ló ní kí n wá tẹ́ fún òun. Bí mo ṣe ń gba pálọ̀ kọjá láàárọ̀ ọjọ́ kejì, mo rí ilé gogoro kan lórí tábìlì oúnjẹ wọn. Búlọ́ọ̀kù oníke kéékèèké ni wọ́n fi kọ́ ọ, irú èyí tí àwọn ọmọdé fi ń ṣeré, tó ní orí róbótó lókè àti ihò nísàlẹ̀, tí wọ́n máa ń tẹ̀ mọ́ra wọn. Mo rò pé ọmọ wọn ló kọ́ ọ. Mo kọjá. Mo padà wá wò ó. Ara mi ò gbà á.

"Màdáámù," mo ní, "ògiri yín yìí máa là sí méjì o."

Ó gbójú kúrò lára fóònù. "Ti báluwẹ̀?"

"Rárá, ma. Èyí."

Ńṣe ló to búlọ́ọ̀kù léra wọn ní ọ̀kánkán, bí ẹni to agolo mílíìkì sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ìsàlẹ̀ dókè, ojú ìpàdé wọn bára mu gbọnrangandan. Mo ṣàlàyé fún un pé búlọ́ọ̀kù òkè gbọ́dọ̀ jókòó lé ìdajì méjì tó wà nísàlẹ̀, kí ọ̀kan lè di èkejì mú. Bẹ́ẹ̀ ni ògiri ṣe ń dúró kí sìmẹ́ńtì tó gbẹ rárá. Mo rò pé ó máa ní kí n lọ mójú tó iṣẹ́ tó gbé mi wá. Ó ní, "Ẹ fi hàn mí, sà." Mo fọwọ́, mo jókòó. Nígbà tí mo máa fi dìde, aago méjì ti kọjá, sìmẹ́ńtì táìsì tí mo pò sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì ti le gbagidi. Èmi tí mo máa ń lé lébìrà lọ sílé torí irú ẹ̀.

Kò sí ọmọ kékeré kankan nílé náà. Òun fúnra ẹ̀ ló kọ́ ọ. Ó sọ fún mi pé àwọn ní ẹgbẹ́ kan, àgbàlagbà ni gbogbo wọn, wọ́n ń pàdé lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì, nínú gbọ̀ngàn ẹ̀sítéètì kan ní Ifákọ̀, wọ́n ń fi búlọ́ọ̀kù oníke kọ́ oríṣiríṣi nǹkan. Mo bi í pé kí ni wọ́n ń rí níbẹ̀. Ó ní ọkàn àwọn máa ń balẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, mo ní ìsinmi ti pọ̀ jù fún yín. Ọjọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo ti jókòó láàárín wọn. Tí àkókò kírun Alásárì bá tó, mo máa ń dìde lọ sí igun gbọ̀ngàn, wọ́n á sì bá mi ṣọ́ búlọ́ọ̀kù mi.

A ò ju mẹ́jọ lọ. Ẹni tó dàgbà jù láàárín wa ni Métírọ̀n, nọ́ọ̀sì àgbà tó ti fẹ̀yìn tì. Òun ló ń yẹ iṣẹ́ gbogbo wa wò. Bó ṣe ń ṣe é ni pé á di búlọ́ọ̀kù kan mú nísàlẹ̀ iṣẹ́ rẹ, á fà á yọ, á wò ó, á dá a padà. Tó bá jáde wẹ́rẹ́, tí ohun tí o kọ́ ò sì mì, á mi orí, o ti yege. Wọ́n ní bẹ́ẹ̀ náà ló ṣe máa ń fa aṣọ ibùsùn ní wọ́ọ̀dù, láti mọ̀ bóyá àwọn nọ́ọ̀sì kéékèèké tẹ́ ẹ dáadáa. Ẹnjiníà kan náà wà, tó ń gun òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì kiri, aláwàdà èèyàn. Òfin wọn pọ̀. O ò gbọ́dọ̀ jẹ pọ́fùpọ́fù kí o tún wá fọwọ́ kan búlọ́ọ̀kù. Àmọ́ èyí tó ga jù ni pé a kì í lo gọ́ọ̀mù. Gbogbo wa la ni búlọ́ọ̀kù náà. Inú àpótí àwọn ará wa tó ń ti ìlú òyìnbó bọ̀ ló ti ń wọlé díẹ̀díẹ̀. Tí a bá kọ́ nǹkan, tí a wò ó tó, a ó tú u palẹ̀, a ó fọ̀ ọ́ nínú báàfù, a ó sì ṣà á ní àwọ̀ kọ̀ọ̀kan sínú ike áísìkiriìmù. Ohun tó jẹ́ afárá lónìí lè di ṣọ́ọ̀ṣì lọ́la.

Mo gbọ́ òfin náà. Ìṣojú mi ni wọ́n ti sọ ọ́. Àmọ́ ẹ mọ bó ṣe máa ń rí tí onílé bá dúró sẹ́yìn bíríkìlà, tó ń kọ́ ọ bí wọ́n ṣe ń po sìmẹ́ńtì. Ẹ ó dáhùn pé, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà," ẹ ó sì ṣe é bí ẹ ṣe mọ̀ ọ́n ṣe. Ibi tí mo gbé òfin gọ́ọ̀mù sí nìyẹn.

Ìyàwó mi, tíṣà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ni ní Ìkòsì, kò kọ́kọ́ mọ bó ṣe máa gba ọ̀rọ̀ náà. Ó ní, "Dádì, gbogbo ilé tí ẹ ń kọ́ láti Monday dé Saturday ò tó yín, ẹ tún ń lọ kọ́ ti ọmọlángidi." Mo ní kó fi mí sílẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀, ó sì ń rẹ́rìn-ín lábẹ́lẹ̀.

Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gan-an, tí iṣẹ́ ò lọ déédéé mọ́, Lọ́yà mú ìròyìn dé. Ilé kan tí wọ́n ń kó nǹkan ìṣẹ̀ǹbáyé sí, mùsíọ̀mù, níwájú lọ́hùn-ún ní Èkó gan-an, lórí erékùṣù, fẹ́ kí ẹgbẹ́ wa wá pàtẹ iṣẹ́ wa fún àwọn ọmọ ilé ìwé tó wà ní ọlidé. Ohun tó wà lójú sánmà ni wọ́n fẹ́ kí gbogbo rẹ̀ dá lé. A ò tíì gbé iṣẹ́ wa jáde kúrò ní Ifákọ̀ rí. Lọ́yà mú òṣùpá. Ẹnjiníà mú sátẹ́láìtì. Métírọ̀n ní òun máa ṣe àwọn tó ń rìn lórí òṣùpá, àwọn èèyàn kéékèèké nínú aṣọ funfun. Rọ́kẹ́ẹ̀tì àti ilé gogoro tó máa ń dì í mú kó tó gbéra, ohun tó ga jù, tí ojú gbogbo èèyàn máa kọ́kọ́ bà láti ẹnu ọ̀nà, èmi ni wọ́n gbé e fún.

Lẹ́yìn ìyẹn ni Lọ́yà sọ ọ̀rọ̀ káàdì. Wọ́n máa gbé káàdì síwájú iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan, orúkọ ẹni tó kọ́ ọ ló máa wà lára rẹ̀, orúkọ bàbá ṣáájú. Kò ní sí Lọ́yà níbẹ̀, kò ní sí Ẹnjiníà, kò ní sí Olóyè tàbí Dókítà. Orúkọ lásán. Àwọn kan kùn díẹ̀, torí oyè ti mọ́ wọn lára. Èmi ò kùn. Mo ní kó tún un sọ, ó sì tún un sọ. Láti ọjọ́ yẹn ni mi ò ti rí nǹkan míì rò. Tí mo bá ń jẹun, káàdì. Tí mo bá ń rìn lọ, káàdì.

Ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi kọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì náà ní pálọ̀ mi ní Kẹ́tu. Funfun báláú ni, ilé gogoro rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ eérú. Ó ga dé àyà mi. Ìyàwó mi ní láti yí i ká kó tó lè débi tẹlifíṣọ̀n. Ó dára, mo mọ̀ pé ó dára, àmọ́ ọkàn mi ò balẹ̀. Àdúgbò wa kún fún kòtò, láti ibẹ̀ dé Èkó sì jìn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń kọ́lé, mi ò gbé ògiri rìn rí. Ibi tí o bá mọ ògiri sí, ibẹ̀ ló máa wà. Èyí sì rèé, kò sí sìmẹ́ńtì nínú rẹ̀, kò sí irin, orí róbótó lásán ló di gbogbo rẹ̀ mú. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, mo lọ ra gọ́ọ̀mù kékeré, irú èyí tó ń lẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Mo tú ìsàlẹ̀, mo lẹ̀ ẹ́ ní búlọ́ọ̀kù kọ̀ọ̀kan títí dé orúnkún mi. Awọ ìka mi méjì lẹ̀ mọ́ ọn, ó bó. Nígbà tó gbẹ, mo gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, kò mì. Mo sùn dáadáa lọ́jọ́ yẹn.

Nígbà tó ku ọjọ́ mẹ́jọ kí ìpàtẹ bẹ̀rẹ̀, Ẹnjiníà fi píkọ́ọ̀pù rẹ̀ gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì dé Ifákọ̀ fún àyẹ̀wò. Wọ́n pàtẹ́wọ́ nígbà tí a gbé e wọlé. Métírọ̀n yí i ká lẹ́ẹ̀mejì, ó ní, "Ọ̀gá Bíríkìlà, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ." Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó di búlọ́ọ̀kù kan mú nísàlẹ̀, ó fà á. Kò jáde. Ó tún fà á. Ó bọ́ gíláàsì ojú rẹ̀, ó nù ún, ó dá a padà sójú, ó di òmíràn mú. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí mi.

"Kí lẹ fi sí i?"

"Gọ́ọ̀mù ni, ma."

"Gọ́ọ̀mù."

"Díẹ̀ ni, ma. Ìsàlẹ̀ nìkan."

Ẹnjiníà gbìyànjú láti gbà mí sílẹ̀. Ó ní, "Ẹ jẹ́ ká gbé e lọ bẹ́ẹ̀, ma. Ta ló máa mọ̀?"

"Èmi mọ̀," ni Métírọ̀n wí.

Lọ́yà mú mi lọ síta, ó fi ohùn pẹ̀lẹ́ bá mi sọ̀rọ̀, bí wọ́n ṣe ń bá ẹni tí ilé ẹjọ́ dá lẹ́bi sọ̀rọ̀. Ó ní àwọn ti kọ ọ́ sínú lẹ́tà fún mùsíọ̀mù pé ohun tí a ó gbé wá kò ní gọ́ọ̀mù nínú rárá. Ó ní ọjọ́ Saturday ni òun máa fi orúkọ ránṣẹ́ kí wọ́n lè tẹ káàdì. Tí rọ́kẹ́ẹ̀tì ò bá yege títí dìgbà náà, òṣùpá ni a ó gbé síbẹ̀. Ó wá ní, "Àmọ́ a lè fi orúkọ yín sísàlẹ̀ káàdì tèmi, pé ẹ ràn wá lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ yẹn ló bà mí nínú jẹ́ jù. Mo ní, "Ràn yín lọ́wọ́ bíi ti báwo? Gbogbo Èkó ni mo ti ń ràn lọ́wọ́ láti ọjọ́ yìí, kò sẹ́ni tó kọ ọ́ síbì kankan." Mo ní kí wọ́n máa ṣeré ọmọdé wọn lọ. Mo sọ ọ́ tòun ti ariwo, àwọn tó wà lẹ́nu géètì ń wò mí. Mo rìn dé títì kí n tó rántí pé fìlà mi wà nínú gbọ̀ngàn. Ìtìjú ò jẹ́ kí n padà lọ mú un. Lálẹ́ ọjọ́ náà, Ẹnjiníà gbé rọ́kẹ́ẹ̀tì padà wá bá mi ní Kẹ́tu, ó fi fìlà mi dé e lórí. Mi ò rẹ́rìn-ín.

Ìyàwó mi ń máàkì ìwé àwọn ọmọ kíláàsì rẹ̀ nígbà tí mo ń rojọ́ fún un. Mo rojọ́ náà dáadáa, mo dá ara mi láre. Kò gbójú sókè títí mo fi parí. Ó wá ní, "Dádì, ẹ rántí lébìrà yín yẹn, tó po sìmẹ́ńtì láàárọ̀, tó tún wá bu omi sí i nírọ̀lẹ́ kó lè rọ̀?"

"Mo rántí ẹ̀. Ọ̀lẹ."

"Ògiri tó fi mọ, ó dúró àbí kò dúró?"

"Ó dúró."

"Kí ló wá dé tí ẹ fẹsẹ̀ wó o?"

"Torí kì í ṣe bẹ́ẹ̀ la ṣe ń ṣe é," mo dáhùn. Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bọ́ lẹ́nu mi, mo gbọ́ ọ. Ó ń bá máàkì rẹ̀ lọ. Ó mọ̀ pé òun ti mú mi, kò sì fi ṣe mí ní yẹ̀yẹ́. Ojú tì mí ju ti gbọ̀ngàn lọ.

Lọ́jọ́ kejì, nínú òjò, mo lọ bá Métírọ̀n nílé, mo dọ̀bálẹ̀. Ó ní, "Ẹ dìde jàre, ilẹ̀ tutù." Ó bi mí bóyá mo ti tú u. Mo ní mo ti da omi gbígbóná sí i, mo ti fi ọ̀bẹ hú u, àmọ́ gbogbo èyí tí gọ́ọ̀mù kàn ni orí wọn ti bàjẹ́. Funfun tó wà nínú ẹgbẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán síbẹ̀. Kò bá mi jà. Ó wọ yàrá lọ, ó kó ike áísìkiriìmù jáde: pupa, yẹ́lò, ewéko, búlúù.

"Rọ́kẹ́ẹ̀tì kì í jẹ́ irú àwọ̀ báyìí, ma," mo ní.

"Ohun tó wà nìyẹn," ó ní.

Mo gbé ike náà lọ sílé, mo jókòó tì í. Nígbà tó di ọjọ́ kejì, mi ò tíì to ẹyọ kan. Ìyàwó mi ní kí n yé wo ike bí ẹni tó ń ṣọ̀fọ̀, kí n lọ bá òun ra àlùbọ́sà wá ní Mile 12. Mo lọ. Bí mo ṣe débi tí àwọn ọkọ̀ ńlá láti òkè Ọya ti ń já ẹrù, ọ̀kan ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn wọlé, apẹ̀rẹ̀ tòmátò kún inú rẹ̀ bámúbámú. Ojú ọ̀nà ló ti sùn, ẹrẹ̀ bò ó dé fèrèsé. Àmọ́ pákó ara rẹ̀ rèé: pupa, yẹ́lò, ewéko, búlúù, wọ́n ya igun mẹ́ta mẹ́ta sí i lára, wọ́n ya ìràwọ̀ sí i, kò sí ibi tí wọn ò kùn. Láti ọjọ́ tí mo ti ń gbé Kẹ́tu ni mo ti ń rí irú ọkọ̀ yìí, mi ò wò ó rí. Mo yí i ká. Mo bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ rẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn alábàárù bi mí pé, "Baba, kí lẹ ń wá?"

Mo ní, "Rọ́kẹ́ẹ̀tì ni."

Ó wò mí, ó bá ẹrù rẹ̀ lọ. Mo délé láìra àlùbọ́sà.

Ọjọ́ mẹ́rin ló kù sí Saturday. Búlọ́ọ̀kù tó wà nílẹ̀ ò tó, torí náà mi ò lè kọ́ ọ kó ki bíi ti àkọ́kọ́. Mo ṣe é bí a ṣe ń ṣe ilé tí irin ò pọ̀ fún: mo gbé òpó mẹ́rin dúró ní igun mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, mo jẹ́ kí àárín rẹ̀ ṣófo, tí mo bá ti to ipele méje, mo máa ń fi ògiri kékeré dábùú inú rẹ̀, kí àwọn òpó lè di ara wọn mú. Kò sí ojú ìpàdé kan tó bá èkejì mu. Mo ṣe é ní apá mẹ́ta tó ṣeé gbé léra wọn. Ìyàwó mi jókòó sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń nawọ́ àwọ̀ tí mo bá pè sí mi. Mo gbàgbé ara mi lẹ́ẹ̀kan, mo jágbe mọ́ ọn pé, "Ṣe kíá, àbí o ti sùn ni?" Ó sọ ìdérí ike bà mí lórí. Ó ní òun kì í ṣe lébìrà ẹnikẹ́ni. Àmọ́ òun ló ní kí ìràwọ̀ wà lẹ́nu ibi tí iná ti ń jáde, òun ló sì bá mi yan yẹ́lò tí mo fi ṣe é.

Ní ọjọ́ Saturday, a tún wà ní gbọ̀ngàn Ifákọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Wọ́n kàn ń wò ó, torí kò sẹ́ni tó rí irú rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ̀rù bà mí, mi ò ní purọ́. Métírọ̀n bẹ̀rẹ̀, ó fa búlọ́ọ̀kù kan ní igun ìsàlẹ̀. Ó jáde wẹ́rẹ́. Ó fa èkejì ní igun kejì. Ó fa ẹ̀kẹta láàárín. Ó di ojú kan, ó yọjú wo inú ihò náà, ó rí àwọn ògiri tí mo fi dábùú rẹ̀. Rọ́kẹ́ẹ̀tì ò mì. Ó dá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta padà, ó dìde, ó nawọ́ sí Lọ́yà.

"Ẹ kọ orúkọ wọn sílẹ̀," ó ní. Ó wá yíjú sí mi. "Èyí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ti àkọ́kọ́, ibi gbogbo ni mo ti lè rí i."

Ọjọ́ Àìkú la gbé ẹrù lọ. A tẹ́ fóòmù sẹ́yìn píkọ́ọ̀pù, a fi aṣọ wé gbogbo nǹkan. Mi ò jókòó síwájú. Ẹ̀yìn ni mo wà pẹ̀lú rọ́kẹ́ẹ̀tì mi, mo na apá lé apá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta bí ẹni tó gbé ọmọ sùn. Kí a tó jáde sí Ìkòròdú Róòdù, kòtò kan tí omi bò gbé wa sókè, ó jù wá sílẹ̀. Mo gbọ́ ohun tó fọ́n ká. Títí a fi dé Èkó, mi ò ṣí aṣọ wò, mi ò ní okun ẹ̀. Nígbà tí a tú ẹrù, sátẹ́láìtì Ẹnjiníà ló ti di òkìtì. Ńṣe ló to tiẹ̀ ní ọ̀kánkán, bíi ti Lọ́yà nígbà kan. Rọ́kẹ́ẹ̀tì mi wà lódindi. Ẹyọ kan ò jábọ́. Mo ní mi ò ní rẹ́rìn-ín, àmọ́ mo rẹ́rìn-ín díẹ̀, mo wá jókòó ti Ẹnjiníà lórí ilẹ̀, mo sì fi bí wọ́n ṣe ń tò ó hàn án. A parí ẹ̀ kí wọ́n tó ti ilẹ̀kùn.

Ọjọ́ Monday ni wọ́n ṣí i fún èrò. Mo wọ bùbá àti ṣòkòtò tí mo fi ń lọ sí Yidì, mo dé fìlà tó ti gun rọ́kẹ́ẹ̀tì, èmi àti ìyàwó mi sì mú ọ̀nà pọ̀n. Gbogbo ọ̀nà ni mo fi ń to ọ̀rọ̀ tí mo máa sọ fún máígàádì tó bá dá mi dúró. Ọ̀rọ̀ náà gún régé, ó ní ibi tó ti le, ó ní ibi tó ti rọ̀. A dé ẹnu géètì. Ọkùnrin náà kí wa pé, "Ẹ káàbọ̀, sà. Ẹ káàbọ̀, ma. Ọwọ́ ọ̀tún ni ti àwọn ọmọdé wà." Ó ti parí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ bínú sí i. Ìyàwó mi fà mí lápá, a wọlé.

Àwọn ọmọ ti kún inú yàrá ńlá náà. Òṣùpá Lọ́yà wà lápá òsì, ó rẹwà, sátẹ́láìtì ń yí lórí okùn. Àmọ́ àárín yàrá ni gbogbo wọn dúró sí, wọ́n ti há ara wọn mọ́ rọ́kẹ́ẹ̀tì, wọ́n ń tọ́ka. Ọmọbìnrin kan tó wọ yúnífọ́ọ̀mù ń ṣàlàyé fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bí ẹni tí wọ́n rán wá: "Ọkọ̀ Mile 12 ni. Ó ti já tòmátò tán, ó ń lọ sínú òṣùpá." Orí mi wú. Ẹni tó jẹ́ alábòójútó ibẹ̀ wá bá mi, ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní àwọn fẹ́ kó wà níbẹ̀ títí ọlidé á fi parí, bóyá a máa gbà. Mo ní kó lọ bi Métírọ̀n. Métírọ̀n wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, ó ń jẹ́ kí àwọn ọmọ to sẹ́yìn ara wọn, kí ẹnì kọ̀ọ̀kan fa búlọ́ọ̀kù kan jáde nísàlẹ̀, kó sì dá a padà. Wọ́n ń fà á, wọ́n ń dá a padà. Kò mì.

Mo wá ìyàwó mi, mi ò rí i. Ó ti gba àárín àwọn ọmọ kọjá lọ síwájú pátápátá. Ó dúró níwájú káàdì náà, káàdì funfun kékeré tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Ó to ẹsẹ̀ rẹ̀ pọ̀ bó ṣe máa ń dúró ní kíláàsì láàárọ̀, ó gbé orí sókè, ó sì kà á sókè ketekete, orúkọ bàbá mi ṣáájú, tèmi tẹ̀ lé e. Ó kà á pẹ̀lú ohùn rẹ́jísítà. Àwọn ọmọ tó wà nítòsí dákẹ́, torí wọ́n mọ ohùn yẹn.

Mo bọ́ fìlà mi. Omi ti wà lójú mi, mi ò nù ún.

"Présẹ́ńtì, ma," mo ní.

Ó fi ìka máàkì mi lójú afẹ́fẹ́, bó ṣe ń ṣe fún àwọn ọmọ rẹ̀, ó sì bọ́ sí káàdì tó kàn.